Apá, Ègbè àti Dẹ́mọ: Kí Ló Wà Nínú Ọ̀rọ̀ "Partisan"?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ fún àwùjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Yopougon, Àbíjàn



Àwọn ọ̀dọ́ àwùjọ yìí ló kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ìjà ọmọdé méjì ló sì bí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n. Ọ̀kan, Yopougon ni wọ́n bí i sí, níbí ló ti ń kàwé. Èkejì wá lo ìsinmi láti Èjìgbò ní Nàìjíríà. Wọ́n jọ ń wo ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ kan, oníròyìn sì ní àwọn "partisans" lágbájá ti kóra jọ. Ọmọ Èjìgbò bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n bú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n!" Ọmọ Yopougon ní, "Ta ló bú wọn? Àwọn tó wà lẹ́yìn bàbá yẹn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Èkejì ní rárá o, tíṣà àwọn ti kọ́ àwọn pé ẹni tó bá jẹ́ partisan kò lè dá ẹjọ́ òdodo, pé alága ìdìbò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ, ọba kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dìjà nìyẹn, tí ẹnì kan fi da omi sára ẹnì kejì.

Ẹ̀gbọ́n tó bá àwọn ọ̀dọ́ kọ lẹ́tà náà ní òun kò mọ ẹni tí òun ì bá dá láre. Àwọn méjèèjì ni mo wá dá láre lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn díẹ̀ ká tó débẹ̀. A ó gba Róòmù, a ó gba ìlú aránṣọ kan ní agbègbè Ọ̀ṣun, a ó sì padà sí àdúgbò tí a jókòó sí yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Róòmù ń pe apá kan lára odindi nǹkan ní pars. Bí ẹ bá gé iṣu sí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ni pars. Nígbà tí èdè Látìnì di èdè Ítálì, ọ̀rọ̀ náà di parte, ó sì wọ inú ìjà ìlú. Ní Florence láyé ọjọ́un, àwọn Guelfi wà lẹ́yìn Póòpù, àwọn Ghibellini wà lẹ́yìn ọba ńlá tó ń ti ìhà Jámánì jọba. Ìlú kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, wọ́n sì ń lé ara wọn jáde nílé. Parte Guelfa ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn Guelfi, ìyẹn Apá Guelfi. Ẹni tó bá wà nínú apá kan ni wọ́n wá ń pè ní partigiano. Àwọn ará àríwá Ítálì ń pè é ní partisano. Ẹnu wọn ni àwọn Faransé ti gbà á láàárín ọdún 1400 sí 1500, ó sì di partisan. Lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé láàárín ọdún 1500 sí 1600. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pè é bó ṣe rí gan-an, "ará apá kan" ni.

Ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí ẹ mọ ọ̀kan lára àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn káfíńtà, àwọn aránṣọ, àwọn tó ń jó irin pọ̀ lẹ́bàá títì Yopougon, "artisan" ni wọ́n ń pè wọ́n. Artigiano ni ìyẹn náà lédè Ítálì, ẹni iṣẹ́ ọwọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára wọn, ó dà bí "ará" tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa: ará oko, ará ọ̀run. Artisan jẹ́ ará iṣẹ́ ọwọ́, partisan jẹ́ ará apá kan. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín wọn nínú ìwé. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Mo ní àǹtí kan tó ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò ní ọjà kan ní Àbíjàn yìí. Nígbàkigbà tí mo bá wá kí i, èmi ló máa ń bá a ka ìwé ọjà rẹ̀, torí ojú rẹ̀ kò ríran nǹkan kéékèèké mọ́. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni, irú èyí tí ilà inú rẹ̀ rí bí àwọ̀n ẹja. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, Yorùbá tirẹ̀ tí kò sí àmì kankan lórí, ṣùgbọ́n ní apá ọ̀tún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, láti òkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Páálí mẹ́ta, Daloa: parti. Páálí méjì, San-Pédro: parti. Oníbàárà kan jẹ ẹ́ lówó, ó sì sá lọ sí Burkina. Àǹtí mi fa ilà sí orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀: parti. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ "ó ti lọ". Ó ní, "Ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, parti ni. Ó kúrú, ó sì dùn mí bó ṣe yẹ kó dùn mí."

Ọ̀rọ̀ tí àǹtí mi ń kọ sí ìwé abọ́ yẹn àti ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí wọ́n dá PDCI, ẹgbẹ́ Houphouët-Boigny, sílẹ̀ ní 1946, lẹ́tà P tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni parti. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ohun tí partir túmọ̀ sí nínú Faransé àtijọ́ ni kí a pín nǹkan, kí a gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá pín ara rẹ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó ti yà lọ nìyẹn. Bó ṣe di pé partir ń túmọ̀ sí "lọ" nìyẹn, tí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n parti, ohun tí wọ́n gé, dúró sínú òṣèlú, ó sì dúró sínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pẹ̀lú: bí ọkọ tàbí aya ẹnì kan bá jẹ́ ẹni tó rí jájẹ, àwọn Faransé á ní "bon parti" ni, ìpín tó dára. Àwa náà ní irú rẹ̀. Láti ara yà ni a ti rí ẹ̀yà. Ẹ̀yà ara wà, ẹ̀yà ènìyàn wà. Ohun tó yà ni.

Nítorí náà, ọ̀bẹ ló wà nídìí partisan. Ogun sì wọ inú rẹ̀ láìpẹ́. Láàárín ọdún 1600 sí 1700, àwọn ọ̀gágun a máa gé àwọn ọmọ ogun díẹ̀ kúrò lára ọ̀wọ́ ńlá, wọ́n á rán wọn lọ kó ẹrù àwọn ọ̀tá tàbí kí wọ́n ba ọ̀nà jẹ́. Parti ni wọ́n ń pe irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀, partisan sì ni ẹni tó ń darí wọn. Ohun tí wọ́n ń pe àwọn ará Rọ́ṣíà tó lúgọ de Napoleon ní 1812 nìyẹn, ohun tí wọ́n sì pe àwọn ọmọ ogun Tito ní Yugoslavia láti 1941 nìyẹn. Àwọn ará Ítálì tó bá Jámánì jà láti 1943 sí 1945 tún padà sí orúkọ ìlú wọn, partigiani. Ọ̀kọ̀ kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ partisan. Nínú eré Hamlet tí Shakespeare kọ, ẹ̀ṣọ́ kan béèrè bóyá kí òun fi tòun lu iwin. Nílẹ̀ Faransé, àwọn tó bá ọba ṣe àdéhùn láti máa gba owó orí lọ́wọ́ ará ìlú ń jẹ́ partisan pẹ̀lú, nítorí parti ni wọ́n ń pe àdéhùn náà, àwọn tálákà sì kórìíra wọn dé egungun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé partisan nìkan ló ru ohun ìjà báyìí. Ọ̀rọ̀ "militant" tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lò fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn níbí, miles ló bí i, ọmọ ogun Róòmù. Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? "Tory", orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ará Áílándì ni, tóraidhe. Wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn tí wọ́n wá di dánàdánà nínú igbó. Àwọn ọ̀tá ló fi ṣe èébú fún àwọn tó fẹ́ kí arákùnrin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gorí oyè ní nǹkan bí 1680. Àwọn tí wọ́n bú gba èébú náà, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ, ó sì wà lórí wọn títí dòní.

Kí ni Yorùbá wá ń pè é? A ní ọmọ ẹgbẹ́, a ní ọmọlẹ́yìn, a ní alátìlẹyìn. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù, ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò gùn ju èémí lọ: gbè. Bí mo bá wà lẹ́yìn rẹ, mo gbè ọ́. Bí mo bá ń ti ẹnì kan lẹ́yìn lórí ohun tí kò tọ́, mo ń ṣègbè. Ohun tí tíṣà ọmọ Èjìgbò ń bá partisan wí lé lórí gan-an nìyẹn, ìṣègbè. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi ìnáwó. Ẹnì kan dá orin, àwọn tó kù gbè é. Ègbè ni a ń pe ohùn wọn, elégbè ni wọ́n.

Ẹ wo bí Róòmù àti àwa ṣe rí ènìyàn kan náà. Ojú ọ̀bẹ ni Róòmù fi wò ó: ẹni tó wà nínú apá tí wọ́n gé. Etí ni Yorùbá fi gbọ́ ọ: ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dáhùn orin ẹlòmíràn. Èmi gbà pé tiwa ló rí òkodoro, mi ò sì sọ ọ́ nítorí pé Yorùbá ni mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nínú ègbè rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn àwọn elégbè ló ń dé òpópónà kejì. Ohùn ẹni tó dá orin kì í jìn tó bẹ́ẹ̀. Òun ló sì lè yí orin padà. Ó lè dákẹ́, ó lè mu omi, ó lè gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, nígbà tí àwọn elégbè ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbè. Bí ọlọ́pàá bá dé, àwọn ni yóò bá.

Ilé, ní agbègbè Ọ̀ṣun, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ìtàn yìí, kì í ṣe Àbíjàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àti àwọn tó yà pẹ̀lú rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigerian National Democratic Party. Orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun, Herbert Macaulay ti lò ó fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ẹnu wa kò gba gbogbo rẹ̀, a gé e, ó kù Dẹ́mọ. Dēmos ló wà nídìí ìyẹn, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ará ìlú, àti fún àdúgbò pẹ̀lú: ní nǹkan bí ọdún 508 kí wọ́n tó bí Kristi ni Cleisthenes pín àwọn ará Áténì sí dēmos, wọ́n jẹ́ 139. Àwọn onímọ̀ orírun ọ̀rọ̀ sì rò pé láti ara ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "pín" ni dēmos fúnra rẹ̀ ti wá. Ọ̀bẹ náà tún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ gbogbo ará ìlú dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì di orúkọ apá kan nínú wọn, apá tí àwọn yòókù kò fẹ́ rí sójú.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ní 1965. Ó ní aránṣọ kan wà ní àdúgbò àwọn tó rán aṣọ fún olóṣèlú kan. Agbádá mẹ́ta ni, ó gba owó rẹ̀, ó kí oníbàárà, ó tán. Ọwọ́ ni àmì ẹgbẹ́ Dẹ́mọ, ọ̀pẹ ni ti Action Group, àkùkọ sì ni ti NCNC. Aránṣọ yìí kò lẹ àmì kankan mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Dẹ́mọ, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun náà ní Dẹ́mọ bó bá ń kọjá. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Èrú pọ̀ nínú ìdìbò náà débi pé inú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ru. Ọ̀rọ̀ kan wá jáde, Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ẹnu wa pè: wẹ́tíẹ̀. Rẹ ẹ́. Wọ́n á fi epo bẹtiróò rẹ ilé, tàbí ọkọ̀, tàbí ènìyàn, wọ́n á sì ṣá iná sí i.

Aránṣọ náà kò kú. Ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí wọ́n tó dé. Ohun tí bàbá mi rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n gbé síta tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì sun. Pákó rẹ̀ ti jóná tán. Irin tó kù dúdú bí ìkòkò, ṣùgbọ́n àgbá kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí. Bàbá mi ní òun fi ìka tì í, ó yí, òun sì sá wọlé. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ṣì ń fi ìka hàn wá bó ṣe tì í.

Artisan ni ọkùnrin yẹn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló fi lẹ́tà kan kún un níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kò nílò kí n lọ sí 1965 kí ẹ tó mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2000, ní Yopougon yìí, wọ́n rí òkú ènìyàn 57 tí wọ́n kó jọ sójú kan, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ. Orúkọ wọn àti ibi tí ìdílé wọn ti wá ni wọ́n fi kà wọ́n mọ́ ọmọlẹ́yìn Alassane Ouattara. Kò sẹ́ni tó béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n tún dìbò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni wọ́n di ìpele kejì. Àjọ elétò ìdìbò ní Ouattara ló wọlé, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òfin orílẹ̀-èdè ní Laurent Gbagbo, ààrẹ tó wà lórí oyè, ni. Ẹni méjì búra fún ipò kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2011, Charles Blé Goudé, olórí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn Gbagbo, bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní Yopougon níbí. Lára ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì fi àlejò tí wọn kò mọ̀ sùn. Ojú ọ̀nà kún fún táyà àti igi. Ọ̀rọ̀ kan wà nígboro nígbà náà tó dà bíi pé inú ìwé òfin ni wọ́n ti mú un: "article 125". Ẹ̀yin ìyá mọ ìṣirò rẹ̀. Epo 100 sẹ́fà, ìṣáná 25 sẹ́fà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lóye ìṣirò yẹn, mo jókòó. Wẹ́tíẹ̀ ni. Ọdún 46 ló wà láàárín wọn, ẹnubodè mẹ́rin ló wà láàárín wọn, èdè méjì tí kò gbọ́ ara wọn, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà sọ ọ́. Nínú méjèèjì, wọn kò dárúkọ ènìyàn, wọn kò dárúkọ pípa. Ọ̀kan ní "rẹ ẹ́" bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Èkejì ka iye owó bí ẹni ń ránṣẹ́ sí ọjà. Ó jọ mí lójú pé ẹnu ènìyàn kì í fẹ́ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ọ̀rọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí wọ́n ń gé e bí a ṣe gé Dẹ́mọ, ẹ má ṣe rò pé àwàdà ni.

Wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011. Ìjà kò tán ní Yopougon lọ́jọ́ yẹn. Ó tó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún kí ìbọn tó dákẹ́ níbí, àwọn tó sì kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè lé ní 3,000. Wọ́n gbé àwọn adárin lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague. Ilé ẹjọ́ dá Gbagbo àti Blé Goudé sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2019, Gbagbo padà sí Àbíjàn ní oṣù kẹfà 2021, Blé Goudé dé ní oṣù kọkànlá 2022. N kò wá ṣẹjọ́ wọn, ilé ẹjọ́ ti ṣe é. Àwọn elégbè ni mo ń wá. Láti ọdún 2011 ni mo ti ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì.

Ibo wá ni àwa wà nínú rẹ̀? Ní 1990, nígbà tí Ààrẹ Houphouët-Boigny àti Gbagbo kọ́kọ́ figẹ̀ wọngẹ̀ nínú ìdìbò, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí dìbò. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Ẹ̀yin bàbá kan wà níwájú mi yìí tí ẹ ti ìka bọ tàdáwà lọ́jọ́ náà. Òfin ìdìbò tó jáde ní 1994 gba ìwé ìdìbò lọ́wọ́ àlejò. Láti ìgbà náà, a kò ní apá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní 2011, wọ́n kà wá mọ́ apá kan. Ẹni tí kò lè dìbò di partisan nítorí pé Mùsùlùmí ni, tàbí nítorí pé ahọ́n rẹ̀ kò pe Faransé bíi ti àwọn Bété, ẹ̀yà Gbagbo, tàbí nítorí pé ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ti ọmọ Mali. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá. Àwọn kan kó ẹrù wọ ọkọ̀ lásìkò yẹn, wọ́n gba Noé kọjá sí Gánà, wọ́n gba Lómè àti Kùtọnu dé Èjìgbò. Àwọn mìíràn dúró, nítorí pé àwọn aládùúgbò wọn, Bété, Dida, Baoulé, ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sínú yàrá, wọ́n sì sọ fún àwọn tó wá béèrè pé kò sẹ́nì kankan níbí. Àǹtí mi wà lára àwọn wọ̀nyí. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú yàrá obìnrin kan tó ń ta attiéké, obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Gbagbo ló ń gbè. Nígbà tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, abọ́ kan kò kù. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó kọ ọjọ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Mo bi í rí pé kí ni ó ń pe obìnrin alátiéké náà, ṣé partisan Gbagbo ni àbí kí ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó ní, "Ó gbè mí."

Ẹ rí i báyìí pé ọmọ Èjìgbò kò jẹ̀bi. Gẹ̀ẹ́sì ló tọ́ ọ̀rọ̀ náà dàgbà lọ́dọ̀ wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì fura sí i. Nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, ìgbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún adájọ́, ọba tàbí alága ìdìbò lẹ ó rí i jù lọ. Ọmọ Yopougon náà kò jẹ̀bi. Faransé gbà á sílé bí orúkọ lásán fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹnì kan. Ìyá kan náà ló bí ọ̀rọ̀ náà, alágbàtọ́ ló yàtọ̀. Mo ti ra súìtì fún àwọn méjèèjì.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó jókòó. N kò tíì rí ìwé kankan tó sọ ohun tí àwọn Yorùbá Àbíjàn ń pe ara wọn ní 1990, ní ọdún tí wọ́n dìbò. Ṣé ẹ ní "ọmọ erin" fún àwọn PDCI, nítorí erin tó jẹ́ àmì wọn? Orúkọ wo lẹ fún àwọn ti Gbagbo nínú ilé, nígbà tí ẹ kò fẹ́ kí onílé gbọ́? Báwo lẹ ṣe ń pe ẹni tó wà láàárín, tí kò gbè ẹnikẹ́ni? Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé fóònù wọn sórí tábìlì, wọ́n ti tan ìgbohùnsílẹ̀. Bàbá tó wọ fìlà dúdú lápá ọ̀tún, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dárúkọ erin. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bẹ̀rẹ̀.